Kílíìpù Kan Ṣẹ́kù Lórí Tábìlì

Mẹkáníìkì kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tún-un-wò. Kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ kò sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀hún ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé bí wọ́n bá bi ìyàwó rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba pé kí ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, obìnrin náà a kọ́kọ́ wòkè ná. Tún-un-wò ni, torí kò sí ohun tó ṣe rí tí kò padà lọ wò. Bó bá di bọ́ọ̀tì tán, á tún fọwọ́ kàn án. Bó bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á rìn dé ìkóríta, á dúró, á mi orí, á sì padà lọ fa àgádágodo wò. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ wọn, òun ló ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ síbi ibùsùn láti gbọ́ bóyá ọmọ ń mí, ibi tó bá ti ń tẹ́tí báyìí ni yóò ti jí ọmọ tó ti sùn.

Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bàbá ọmọ yìí, ó ń mí. Ní báyìí tó ti ń ké, ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún un lọ́mú?"

Àwọn ènìyàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wá bí wọ́n bá fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀. Yóò máa sáré kiri nínú orí rẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi pè é pé òun ti dé. Àwọn kan a sì gbàgbé láti pè. Ìyẹn ló jẹ́ kí irun orí rẹ̀ tètè funfun.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ni obìnrin náà nígbà tó lágbára, aṣọ ìyàwó àti aṣọ ilé-ìwé ló fi tọ́ ọmọ méjì láìsí bàbá nílé. Ojú rẹ̀ òsì ti kú. Àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò tètè mọ̀ ló pa á. Èyí tó kù, ti ọ̀tún, awọ funfun kan ti ń bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí èéfín ṣe ń bo gíláàsì àtùpà, títí ó fi di pé ògiri ló ń fọwọ́ tọ̀ kó tó dé ilẹ̀kùn. Dókítà ojú kan ní ìlú ńlá tó wà lẹ́yìn òkè ní òun lè yọ awọ náà. Dókítà ọ̀hún jẹ́ olóòótọ́, ó sì fi kún un pé kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò ní ewu tirẹ̀. Tún-un-wò kò gbọ́ apá àkọ́kọ́ mọ́ lẹ́yìn tó gbọ́ apá kejì. Ojú kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé sùn, òun náà ló ń bá jí.

Wọ́n jọ fẹnu kò sí i pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ni yóò gbé ìyá wọn lọ. Tún-un-wò ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dá a dúró. Ọkùnrin náà kò lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kó máa wo ilẹ̀kùn tó tì. Níbi tí nǹkan bá ti ń bàjẹ́, ó fẹ́ mú sípánà dání, kò sì sí sípánà tó wọ ojú ìyá ẹni.

Àbúrò rẹ̀ yìí, awọnlẹ̀ ni. Ó máa ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ rẹ̀ kiri láti oko dé oko, kì í sì í fẹ́ kí ọ̀nà gùn lójú òun. Ọkọ̀ rẹ̀ kékeré, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò sì ju àpótí aṣọ lọ, àmọ́ ó ní tọ́bò, ìyẹn fáànù kékeré kan tí èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnì ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnì lẹ́nu tipátipá. Ọkọ̀ ọ̀hún a máa gun òkè bí ewúrẹ́ tí ajá ń lé.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ ni awọnlẹ̀ yìí gbé ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé páálí kékeré kan lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi so èyí mọ́ ọn kí a tó lọ."

Tún-un-wò ṣí páálí náà. Agolo dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, tó ga tó ife omi ńlá, pẹ̀lú họ́ọ̀sì àti àwọn kílíìpù tí a fi ń fún họ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó mọ ohun tó jẹ́.

"Ọ̀la lẹ ń lọ, òní lo gbé iṣẹ́ tuntun wá. Bàtà tuntun kọ́ là ń wọ̀ rìnrìn-àjò."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó dà bí ẹni pé ẹnì kan ń fọ́ òkúta nínú rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kí n ṣe gbé Màmá gun òkè?"

Tún-un-wò mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló tú páìpù afẹ́fẹ́ ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ ọ̀hún, tó ki ìka bọ̀ ọ́, tí ìka sì jáde pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú. Ẹ́ńjìnì a máa mí bí ènìyàn. Iná tó ń jó nínú rẹ̀ a máa ta díẹ̀ sísàlẹ̀, síbi tí ọ́ìlì wà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi páìpù kan gbé e padà sẹ́nu ẹ́ńjìnì kó lè jó dànù. Àmọ́ kì í dá wá, ó ń gbé ìkùukùu ọ́ìlì dání. Bí ọkọ̀ bá wá ní tọ́bò, èémí náà á le sí i, ọ́ìlì á máa lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnì títí yóò fi gan bí ìdí ìkòkò, tí ẹ́ńjìnì á sì máa wúkọ́. Agolo yìí la máa ń fi sáàárín páìpù ọ̀hún. Èémí á wọlé lápá kan, á gba inú wáyà híhun tó rí bíi kànìnkànìn kọjá, ọ́ìlì á kán sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á jáde lápá kejì. Lóòrèkóòrè a ó tú ìdí agolo, a ó da ìdọ̀tí inú rẹ̀ nù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Lọ jókòó," ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Má sì bá mi sọ̀rọ̀."

Ó pẹ́ kó tó yan ibi tí yóò so agolo náà mọ́. Kò fẹ́ kó sún mọ́ tọ́bò, torí irin yẹn a máa gbóná débi tí yóò fi pọ́n. Níkẹyìn ó fi irin pẹlẹbẹ kan gbé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi epo bẹntiróò fọ inú agolo, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wò ó síbi oòrùn, ó tún un fọ̀. Ó gé họ́ọ̀sì, ó fi ẹnu fẹ́ inú wọn. Họ́ọ̀sì tó ti agolo lọ sẹ́nu ẹ́ńjìnì, ó di kílíìpù rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í so èyí tó ti ikùn ẹ́ńjìnì wá sínú agolo. Ó di apá ti òkè. Ó ti ti apá ti ìsàlẹ̀ wọ ẹnu agolo, níbi kọ́lọ́fín tí ojú kò tó, ọwọ́ nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ó mú kílíìpù lọ́wọ́ kan, sukudiráfà lọ́wọ́ kejì, nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé, tó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀.

"Ọkọ mi, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń so agolo kan mọ́ ọkọ̀ yìí, Màmá. Kó lè máa mí dáadáa."

Ìyá na ọwọ́, ó kan ọkọ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná.

"Ó dáa. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má purọ́ fún mi. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ojú yìí, tó sì kú bíi ti èkejì, ta ni yóò máa mú mi lọ́wọ́ kiri?"

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní yóò ṣẹlẹ̀. Mo ní bí ó bá ṣẹlẹ̀."

"Kò ní ṣẹlẹ̀."

"O ò dá mi lóhùn," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò bínú. Ló bá yí padà, ó ń fọwọ́ wá ògiri.

Tún-un-wò rí i pé bó ṣe ń lọ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ kọ ọpọ́n ọ́ìlì tó wà nílẹ̀. Ó kó ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó sáré mú un lápá, ó sì mú un dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Nígbà tó padà dé, àbúrò rẹ̀ ti ṣíná sí ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kùn orin. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan agolo, ó fọwọ́ fa họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn le pinpin. Ó tún wọn fà, bí ìṣe rẹ̀. Họ́ọ̀sì tuntun a máa di ẹnu páìpù mú gírígírí nígbà tó bá tutù, kílíìpù wà lọ́rùn rẹ̀ o, kò sí o. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọkọ̀, ọkàn rẹ̀ wà nínú yàrá ìyá rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wo omi, ó wo táyà, ó fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tún un fà yọ. Ìyá jókòó sí iwájú, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó fi gèlè wé orí le dáadáa bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Kò tún béèrè ohun tó béèrè lánàá. Ó kàn ní, "Ó dàárọ̀ o, ọkọ mi," bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Wọ́n lọ.

Oòrùn ti mú díẹ̀ nígbà tí Tún-un-wò fa àkísà kan lórí tábìlì láti fi nu ọwọ́. Nǹkan kan bọ́ sílẹ̀, ó dún gbinrin lórí sìmẹ́ńtì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Kílíìpù ni, tuntun, tó ń dán.

Ó kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n fi èyí ṣe èènì. Ó wá páálí rí nínú àwọn ìdọ̀tí, ó ka iye kílíìpù tó wà nínú àwòrán ara páálí náà. Kò sí èènì kankan. Ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn tọ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lọ sẹ́nu ẹ́ńjìnì, mo di òkè, mo di ìsàlẹ̀. Èyí tó wá láti ikùn ẹ́ńjìnì, mo di òkè. Ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó gbé e lé ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò rí nǹkan mìíràn mọ́.

Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ dáadáa, ìmọ̀ yẹn ló sì ń pa á. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, họ́ọ̀sì á dúró. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, tọ́bò á máa sáré sí i, èémí inú ẹ́ńjìnì á le, họ́ọ̀sì á gbóná, á rọ̀, á sì máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Tó bá yọ tán, ọ́ìlì á máa fẹ́ jáde bí ẹni tó ń fín omi sí aṣọ kó tó lọ̀ ọ́, tọ́bò tó ti pọ́n sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Ó pe fóònù àbúrò rẹ̀. Kò wọlé. Ìyàwó rẹ̀ jáde sí i níbi tó ti ń pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó na kílíìpù sí i. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa kílíìpù, àmọ́ ó mọ ojú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má dúró tì mí," ó wí. "Èmi á máa pè wọ́n. Ẹ máa lọ."

Lọ pẹ̀lú kí ni? Ọkọ̀ mẹkáníìkì ni ọkọ̀ tí kì í rí ẹni tún un ṣe. Ti Tún-un-wò wà lórí òkúta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò ní táyà kankan. Ló bá sáré wọ ọ̀dọ̀ wẹ́dà, ajórin tó wà ní ìtòsí, ọkùnrin sànmọ̀rí kan tó ní alùpùpù, tó sì ní ọ̀rọ̀ ju alùpùpù lọ. Wẹ́dà kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Gùn ún."

Wọ́n já sí títì. Wẹ́dà ń fi ojú sílẹ̀ síwájú, ó ń fi ẹnu sílẹ̀ sẹ́yìn.

"Má fòyà. Ọkọ̀ kì í ṣàdédé jó. Èmi ti rí ọkọ̀ mélòó kan tó jó, ó máa ń kọ́kọ́ rú èéfín ná."

"Mo gbọ́."

"Ọ̀kan wà tí mo bá wọn gé ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló há. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti jáde. Ó ku ẹnì kan ni."

"Jọ̀wọ́, máa wo ọ̀nà."

"Mò ń fún ọ lọ́kàn le ni."

Wọ́n kọjá ilé epo, wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, wọ́n gun orí afárá. Níbikíbi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti kóra jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Tún-un-wò á na ọrùn wo àárín wọn. Ó ń wo ojú àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè, ó ń wá ẹni tó bá ń mi orí bí ẹni tó rí ohun tí kò dáa. Ẹnì kan ń jẹ àgbàdo. Ẹnì kan ń kọrin. Ó bínú sí ẹni tó ń kọrin náà.

Bí wọ́n ṣe yọ síbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, ó rí èéfín. Èéfín dúdú, tó ki, tó ń dìde lẹ́yìn igi níbi kọ́nà kejì. Ó kàn fi ìka gún wẹ́dà ní ìhà. Wẹ́dà náà rí i, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó dákẹ́. Ó fún alùpùpù ní gbogbo ohun tó ní. Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà ni wọ́n bá, wọ́n ń yọ́ ọ̀dà nínú àgbá láti fi dí ihò títì. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí wọn. Tún-un-wò kò ní ọwọ́ tó lè fi dá a lóhùn. Méjèèjì ti di ìdí aṣọ wẹ́dà mú.

Wọ́n bá ọkọ̀ náà nítòsí ibi tí òkè ti ga jù. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, odindi, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní pípadé. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí òkúta kan, ó kọjú sí àfonífojì tí kò rí. Àbúrò rẹ̀ ń na fóònù sókè, ó ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

"Bọ̀ọ̀dá mi? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Tún-un-wò ti sọ̀ kalẹ̀ kí alùpùpù tó dúró, ó sì fẹ́ ṣubú. "Ta ló ní kí o dúró?"

"Màmá ni. Wọ́n ní nǹkan ń jó. Mo ní bíréèkì ọkọ̀ ńlá tó wà níwájú wa ló ń rùn. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ tọ̀."

"Mi ò fẹ́ tọ̀," ni ìyá wọn wí láti orí òkúta. "Mo mọ̀ pé kò ní dúró fún òórùn, àmọ́ yóò dúró fún ìtọ̀. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ọkọ mi nìyẹn?"

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan dìde, ó sì pòórá. Họ́ọ̀sì náà ti yọ́ jáde débi pé etí rẹ̀ ló kù lẹ́nu agolo. Ọ́ìlì ti wọ́n sórí irin tó bo tọ́bò, ó ti gan sára rẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú. Wẹ́dà yọjú wò ó láti ẹ̀yìn.

Tún-un-wò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, irin jó o níka, ló bá fà sẹ́yìn. Wọ́n dúró kí ó tutù. Nínú ìdúró yẹn ló sọ fún àbúrò rẹ̀.

"Èmi ni. Mi ò di kílíìpù ìsàlẹ̀. Orí tábìlì ni mo ti bá a láàárọ̀ yìí."

Àbúrò rẹ̀ wò ó. "Ẹ̀yin?" ó ní. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jáde dáadáa, omi ló bá a jáde lójú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Mo sì ń sáré, Bọ̀ọ̀dá mi. Mò ń sáré gan-an."

Tún-un-wò nu ọ́ìlì kúrò lára irin, ó ti họ́ọ̀sì wọlé títí ó fi kan ìdí, ó sì ní kí àbúrò òun fi iná fóònù tan kọ́lọ́fín náà. Ó di kílíìpù. Ó tún un dì. Lẹ́yìn náà ó lọ kúnlẹ̀ síwájú òkúta tí ìyá rẹ̀ jókòó lé.

"Màmá, èmi ni mo ṣe é. Iṣẹ́ tí mi ò parí ló fẹ́ jó yín."

Ìyá rẹ̀ ronú. "Ìgbà tí mo wọlé wá bá ọ sọ̀rọ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O ò tíì dá mi lóhùn."

Wẹ́dà, tó máa ń dá sí ohun gbogbo, rìn lọ síbi alùpùpù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo táyà tí kò ṣe nǹkan kan.

"Bó bá kú, èmi ni màá máa mú yín lọ́wọ́," ni Tún-un-wò wí. "Gbogbo ibi tí ẹ bá fẹ́ lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mi ò fi lè sọ ọ́ lánàá."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ yìí ni ẹ̀yin méjèèjì ti ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ fi ń jẹ́ kí n máa dá bẹ̀rù?"

Àbúrò rẹ̀ wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà pẹ̀lú aṣọ ìrìn-àjò rẹ̀, ó sì gbé orí lé orúnkún ìyá wọn. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá. Nígbà tó yá, ìyá ní, "Ó tó. Dókítà kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Wẹ́dà nìkan ló padà sílé, pẹ̀lú ìròyìn fún ìyàwó. Tún-un-wò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kò ní aṣọ mìíràn ju èyí tó kún fún ọ́ìlì lọ. Ó fi etí sílẹ̀ sí ẹ́ńjìnì láti orí òkè títí dé ìlú ńlá. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ilé ìwòsàn náà mọ́ débi tí ojú fi ń tì í láti jókòó. Nọ́ọ̀sì kan wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ibi omi hàn án láìsọ̀rọ̀. Ó fọ ọwọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi ń ta á. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé ìyá wọlé, òun àti àbúrò rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó gùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn tó tì, èyí gan-an tó ti ń sá fún. Ó rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe burú tó bó ṣe rò ó, kò dín. Ó ń dìde, ó ń jókòó. Ó ka àkọlé ara ògiri títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Ní ìgbà kan ó fẹ́ lọ yọjú wo inú láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn, àbúrò rẹ̀ sì di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ jókòó tì mí," ó ní. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Ó jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan nínú ilé wọn ní kó wá báni bẹ̀rù. Ó yà á lẹ́nu pé ó rọrùn ju kí ènìyàn máa dá bẹ̀rù lọ.

Wọ́n gbé ìyá jáde pẹ̀lú báńdéèjì lójú. Dókítà ní iṣẹ́ ti parí, àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá tú u láàárọ̀ ọ̀la ni wọn yóò tó mọ. Wọ́n sùn sí ilé àlejò kan nítòsí. Tún-un-wò jáde lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú, ó tún jáde lọ ṣí i. Ó tú ìdí agolo, omi kan tó rí bíi tíì oníwàrà tó ti bàjẹ́ sì kán sínú ike, kò tó ṣíbí méjì. Ọ̀fun ẹ́ńjìnì ni ìyẹn ì bá ti wọ̀. Ó gbé e lọ fi han àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹja wá láti odò. Nígbà tó dìde láti tún lọ wò ó, àbúrò rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Láàárọ̀, dókítà tú báńdéèjì náà díẹ̀díẹ̀. Tún-un-wò dúró sẹ́yìn àga, ó di ọwọ́ àga mú. Ìyá ṣí ojú. Ó pa á dé. Ó tún un ṣí, omi ń dà lójú náà.

"Màmá, kí lẹ rí?" ni dókítà béèrè.

Ìyá tẹjú mọ́ àyà dókítà. Àbúrò Tún-un-wò ti di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, èékánná rẹ̀ wọ ọ́ lára.

"Mo rí aṣọ funfun kan," ni ìyá wí níkẹyìn, "tí bọ́tìnnì kan nínú rẹ̀ kò bá àwọn tó kù mu. Ta ló rán an fún yín?"

Dókítà wo àyà ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Ìyá yí orí, ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó wò ó láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wo aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí.

"Ọkọ mi," ó ní, "o ti darúgbó. Ìgbà wo ni irun rẹ funfun báyìí?"

Tún-un-wò fọwọ́ pa irun náà. Ó yí ojú sí ògiri, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Kì í ṣe pé ojú náà padà di ti ọmọdé. Dókítà ní kò ní lè fi okùn sí abẹ́rẹ́ láìlo awò, òògùn kíkán sì wà tí yóò máa lò, wọn yóò sì padà wá fún àyẹ̀wò. Èyí tó kú ti kú. Ṣùgbọ́n ó rí ọ̀nà, ó rí ojú ènìyàn. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè níjọ́ tí wọ́n ń padà sílé, ó ní kí wọ́n dúró, kì í ṣe nítorí òórùn, kì í ṣe nítorí ìtọ̀. Ó wo àfonífojì náà títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní òun kò mọ̀ pé odò wà nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Awọnlẹ̀ ló wà ní ìdí ọkọ̀, ìyá wà níwájú, Tún-un-wò wà lẹ́yìn. Títì náà tẹ́jú, ẹsẹ̀ awọnlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí ìṣe rẹ̀. Ìyá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wo iwájú ọkọ̀ níbi tí àwọn nọ́ńbà wà.

"Kí ni ọwọ́ pupa yẹn ń tọ́ka sí?"

"Kò sí, Màmá. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣe ló ń sọ."

"Ọgọ́rùn-ún àti ogún ló wà níbẹ̀," ni ìyá wọn wí. "Mo ti kà á. Dín eré kù."

Àbúrò rẹ̀ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú gíláàsì, ó ń retí pé yóò gba òun sílẹ̀. Tún-un-wò kọjú sí fèrèsé, ó ń wo àwọn igi. Ọkọ̀ náà rọra dẹ̀rọ̀.